Kìnnìún Tí Wọ́n Bí sí Ìlú Ọba

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àdúgbò wa tí ẹ ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, èyí ni èsì mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo bá ní kí n fẹnu sọ ọ́, n ó dúró lágbedeméjì.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi tọ́jú ẹranko nínú ọgbà kan ní ìlú ńlá tí kò jìnnà sí Ìwó. Èṣí ni mo fẹ̀yìn tì. Àwọn kan níbí rò pé ọdẹ ni mí. N kò pa ẹran ìgbẹ́ kankan rí. Oúnjẹ ni mò ń gbé fún wọn, ìgbẹ́ wọn ni mò ń kó.

Mo pẹ́ kí n tó lọ sílé ìwé. Oko ni mò ń bá bàbá mi lọ, lọ́nà Kuta. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì tún ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Ìgbà tí mo ka ìwé mẹ́fà tán, irùngbọ̀n ti ń yọ lójú mi. Ìbátan ìyá mi kan mú mi lọ sí ọgbà ẹranko náà. Wọ́n ní kí n gbé garawa omi méjì láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìnàkí. Mo gbé e. Wọ́n gbà mí. Ní ti owó, ó tó jẹun. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Abẹ́ Ọ̀gá Àjàní ni wọ́n fi mí sí. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlá nínú ọgbà ẹranko àtijọ́ kan ní Ìlú Ọba. Wọ́n ga, wọ́n gbẹ bíi pòròpórò àgbàdo. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rìndínlógún ló wà lára bẹ́líìtì wọn, wọ́n sì mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan láì wò ó.

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo bá wọn níwájú àgò kìnnìún. Mo na gbọọrọ sílẹ̀ bí a ti ń ṣe nílé wa.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

“Dìde! Dìde kíá!”

Wọ́n fi ọrùn ẹ̀wù gbé mi nílẹ̀. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Wọ́n fà mí jáde, wọ́n dojú kọ mí.

“Ta ló kọ́ ẹ ní ìyẹn?”

“Bàbá mi ni, sà.”

“Bàbá ẹ kọ́ ẹ dáadáa. Tí o bá dé ilé mi, dọ̀bálẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Níwájú irin yìí, òòró ni kí o ti kí mi. Ẹni tó dúró, ènìyàn ni lójú kìnnìún. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀, ẹran ni.”

Múrítàlá, tó ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀ ṣáájú mi, di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ará Ìwó! Ṣé o fẹ́ fara ẹ ṣe oúnjẹ àárọ̀ fún un ni?”

Ọ̀gá Àjàní ní àwọn òyìnbó kò kọ́ wọn ní òfin yẹn. Ẹnikẹ́ni kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lọ́hùn-ún. Ìgbà tí wọ́n padà sílé, tí ọmọ iṣẹ́ kan dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ni wọ́n rí bí ojú kìnnìún ṣe yí padà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ di èèwọ̀.

Oṣù mẹ́ta gbáko, n kò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ìgbálẹ̀ nìkan ni. Bí mo bá gbálẹ̀ tán, wọn á wọlé, wọn á fa imú, wọn á ní, “Tún un gbá.” N kò ní rí nǹkan kan nílẹ̀. Bí mo bá tún un gbá, mo máa ń rí i: egungun kékeré kan, ìgbẹ́ tó ti gbẹ mọ́ igun. Wọ́n ní ìgbẹ́ ni lẹ́tà tí ẹranko ń kọ sí olùtọ́jú rẹ̀. Ẹni tí kò bá kà á kò ní mọ̀ bí ara ẹranko náà kò bá dá. Bí a bá ti àgádágodo, a gbọ́dọ̀ fà á wò lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ kan mo fà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n dúró tì í, kí n máa fà á, títí wọn yóò fi jẹun tán. Ọ̀gá Àjàní kì í tètè jẹun tán.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n máa ń sọ ìtàn ọgbà wọn àtijọ́ fún wa. Wọ́n ní béárì funfun kan wà níbẹ̀, tí wọ́n mú wá láti ibi tí omi ti ń di òkúta. Inú kòtò sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi í sí. Láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, ìṣísẹ̀ méje ló ń gbé síwájú, á mi orí, á tún gbé méje padà. Ní gbogbo ọdún mẹ́rìnlá tí Ọ̀gá lò níbẹ̀, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ibi tó ń tẹ̀ ti jin wọnú bí ojú ọlọ.

Wọ́n ní ẹranko omi kan wà tó tóbi ju màlúù méjì lọ, tí imú rẹ̀ wú bí àpò, tí kò sì ní ẹsẹ̀ tó lè fi rìn. Wọ́n ní ẹyẹ kan wà tí kò ní apá, tí ìyẹ́ rẹ̀ dà bí irun ewúrẹ́.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́,” ni Múrítàlá wí. “Ẹyẹ onírun? Ṣé kì í ṣe pé ẹ mu nǹkan lọ́jọ́ náà?”

“Bàbá ẹ ló mu nǹkan.”

Múrítàlá yíjú sí mi. “Ìwọ náà wí nǹkan! Ìlú odídẹrẹ́ lo ti wá, o kò lè sọ̀rọ̀ bíi ti ẹyẹ ìlú yín.”

Mo rẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n ti ìnàkí, n kò gbà á gbọ́ rárá. Wọ́n ní bí oòrùn bá ti ń ràn lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń wọṣọ fún ìnàkí mẹ́rin, wọn á gbé wọn jókòó sídìí tábìlì lórí koríko, wọn á bu tíì sí ife fún wọn, èrò á yí wọn ká. Iṣẹ́ Ọ̀gá ni láti kọ́ àwọn ìnàkí náà. Mo ní irọ́ ni, nínú ikùn mi. Wọ́n fa fọ́tò kan yọ nínú báàgì wọn. Ọ̀gá Àjàní ni lóòótọ́, ní ọ̀dọ́kùnrin, nínú aṣọ iṣẹ́. Ìnàkí kan jókòó lórí itan wọn. Ó wọ gáùn ọmọdé, ó di ife mú bí ènìyàn.

Mo bi wọ́n pé, “Ọ̀gá, ṣé àwọn ìnàkí náà mọ̀ pé wọ́n ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín ni?”

Wọ́n fi fọ́tò náà padà sínú báàgì. “Wọ́n tètè mọ̀ ọ́n ṣe ni. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n mu tíì wọn, wọ́n gbé ife sílẹ̀. Àwọn èrò kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ni ọ̀gá wa bá ní kí n tún lọ kọ́ wọn ní ìjàngbọ̀n, kí wọ́n máa da tíì síra wọn lórí.”

“Ẹ kọ́ wọn?”

“Mo kọ́ wọn.”

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń gbé omi fún ìnàkí tiwa, n kì í lè wo ojú rẹ̀.

Kìnnìún wa ńkọ́? Jọ́ọ̀jì ni orúkọ rẹ̀, Ìlú Ọba ni wọ́n bí i sí. Èmi náà ní kí wọ́n tún un wí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Inú ọgbà àtijọ́ náà ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ kọ̀ ọ́, obìnrin òyìnbó kan fi ìgò wàrà tọ́ ọ. Ọ̀gá Àjàní ló kọ lẹ́tà títí wọ́n fi fi í ránṣẹ́ sí wa nínú ọkọ̀ òfurufú. Kò mọ igbó. Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ kan já wọ inú ọgbà, ó dúró síwájú irin rẹ̀, ó ń ké. Jọ́ọ̀jì sá lọ fara mọ́ ògiri, ó ń gbọ̀n. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ jẹ́ kó máa bẹ̀rù ewúrẹ́,” ni wọ́n wí. “Ìyẹn kò ní kí èékánná rẹ̀ máà mú.”

Ọdún kejì tí mo débẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí a ti ń bọ́ kìnnìún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà há, ògiri lápá kan, irin lápá kejì. Ihò kan wà nísàlẹ̀ irin náà, tí a fi ń ti páànù ẹran wọlé.

Bàbá mi kò sọ fún mi pé wọ́n ń bọ̀. Oṣù márùn-ún ni a kò ti fojú kan ara wa. Wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí i pé ọmọ wọn ń bọ́ kìnnìún. Múrítàlá rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ó júwe ẹ̀yìn fún wọn. Èmi sì ti ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹran tí mo gbé dání.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé páànù sílẹ̀ ni mo gbọ́, “Ráṣídì.”

Mo yíjú. Bàbá mi ni, nínú bùbá funfun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ara mi kò bi mí léèrè. Kí n tó mọ̀, àyà mi ti kan sìmẹ́ńtì.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ kú ìrìn.”

Ẹsẹ̀ mi wà níhà ihò náà. N kò gbọ́ ìró kankan. Kìnnìún kì í pariwo bó bá ń ṣiṣẹ́. Ohun kan kàn mú mi lọ́rùn ẹsẹ̀, mo sì rí i tí ojú bàbá mi ń jìnnà sí mi.

Ọ̀gá Àjàní ya wọlé pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Wọ́n kígbe mọ́ ọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń bá a wí láti kékeré, wọ́n fi ṣọ́bìrì náà gbá ọwọ́ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fà mí kúrò, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún tilẹ̀. Ọwọ́ kejì Jọ́ọ̀jì jáde. Ìgbà tó padà wọlé, ọwọ́ Ọ̀gá Àjàní bá a wọlé.

Ọ̀gá kò ké. Bàbá mi ló ké.

Ní ọsibítù, wọ́n gé ọwọ́ náà kúrò lọ́rùn ọwọ́. Wọ́n rán ẹsẹ̀ mi. Lọ́jọ́ kejì, Alákòóso ọgbà wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Kò pariwo.

“Tí kìnnìún yẹn bá kàn ṣe é fúnra rẹ̀, a máa yìnbọn pa á lọ́jọ́ Ẹtì. Tó bá jẹ́ àṣìṣe ènìyàn, ẹni náà ń lọ sílé. Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀.”

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí fún mi. Ilé ìwé ìrọ̀lẹ́ ni mo ṣì ń lọ. N kò tí ì kọ ohun tó gùn ju lẹ́tà kan lọ láyé mi. Àwọn òbí Sìdíkà, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya, ti gbà nítorí pé mo níṣẹ́ ìjọba. Mo wo bébà náà. Mo kọ ọ́ pé mò ń ti ẹran wọlé, mo sì dúró bó ti yẹ, ni kìnnìún náà nawọ́ jáde mú mi. N kò kọ orúkọ bàbá mi síbẹ̀. N kò kọ ọ́ pé mo dọ̀bálẹ̀. Ojú ewé kan àbọ̀ ni. Alákòóso yìn mí pé ìwé mi mọ́.

Ọjọ́rú ni ó gbé e lọ fún Ọ̀gá Àjàní kí wọ́n tẹ ìka sí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Èmi náà tiro lọ. Bàbá mi wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí kìnnìún mú wa ni wọ́n ti ń wọkọ̀ láti Ìwó lójoojúmọ́, wọ́n ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, wọn á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà.

“Ọ̀gá Àjàní, ẹ kàn tẹ ìka òsì yín síbí,” ni Alákòóso wí.

Ọ̀gá Àjàní kò wo bébà náà. Èmi ni wọ́n ń wò. “Ta ló kọ ọ́?”

“Èmi ni, sà.”

“Kà á sókè.”

“Ọ̀gá, ẹ lè…”

“Mo ní kí o kà á sókè. Kí bàbá ẹ náà gbọ́.”

Mo kà á. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́. Wọ́n ní kí n máa túmọ̀ rẹ̀ bí mo bá ti ń kà á, nítorí bàbá mi. Bí mo ti ń túmọ̀ rẹ̀, ohùn mi ń kéré sí i. Ìgbà tí mo dé ibi tí mo ní mo dúró bó ti yẹ, bàbá mi gbé abọ́ ẹ̀kọ sílẹ̀.

“Ráṣídì. Ta ló dúró?”

Mo gbójú sílẹ̀, mo ń wo bébà náà.

Bàbá mi dìde, wọ́n dojú kọ Alákòóso. “Kò rí bó ṣe kọ ọ́, ọ̀gá. Èmi ni mo wọ ibi tí kò yẹ kí n wọ̀. Ó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ni ẹranko náà bá mú un. Ìkíni tí mo kọ́ ọ ló gba ọwọ́ ọlọ́wọ́. Tí ẹ bá máa yìnbọn, ẹ mọ ẹni tí ẹ máa yìn ín fún.”

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tó ọjọ́ mẹ́ta. Alákòóso ká bébà náà, ó ya á, ó ní kí n lọ kó ẹrù mi.

“Ẹ má lé e,” ni Ọ̀gá Àjàní wí. “Òun ni kí ẹ fi ti Jọ́ọ̀jì. Òun nìkan. Kó máa bọ́ ọ títí ọ̀kan nínú wọn á fi kúrò níbẹ̀.”

Alákòóso ronú sí i. Nígbà tó yá, ó gbà.

Bó ṣe di pé kò sí ìbọn lọ́jọ́ Ẹtì nìyẹn. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi bọ́ kìnnìún tí mo fẹ́ fi irọ́ pa. Oṣù kìíní, bí mo bá ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, mo máa ń fẹ̀yìn ra ògiri. Òun ní tirẹ̀ kò bá mi ṣọ̀tá. Á wá, á jẹun, á sùn. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Bàbá mi kò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ fún wọn mọ́ títí wọ́n fi kú. Bí mo bá délé ọdún, tí mo ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn á di apá mi mú: “Dúró bẹ́ẹ̀.” Àwọn ará ilé ní iṣẹ́ ọgbà ẹranko ti jẹ́ kí n gbéra ga. A kò ṣàlàyé fún wọn. Sìdíkà nìkan ni mo sọ ọ́ fún, lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ó ní, “Ìwọ?” Ọdún kẹfà nìyí tó ti kú. Mo ṣì ń gbọ́ bó ṣe pe “ìwọ” yẹn.

Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Wọ́n dí ihò ìsàlẹ̀ yẹn pa. Wọ́n ṣe ilẹ̀kùn tí a ń fi wáyà fà sókè láti òde, tí ènìyàn kò fi ní wà nítòsí irin bí ẹran bá ń wọlé. Ìbọn abẹ́rẹ́ oorun dé. Tẹ́lẹ̀, àwọ̀n àti ọkùnrin mẹ́fà ni. Lọ́dún tí mo kúrò, ẹ̀rọ ayàwòrán ló ń ṣọ́ àwọn ẹranko, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ń wò ó lórí fóònù. Ó dára. Ṣùgbọ́n wọn kò gbóòórùn ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ gba ẹ̀rọ, kí ẹ sì máa fa imú.

Mo ti sáré kọjá ohun kan. Lọ́jọ́ tí Jọ́ọ̀jì kú, mo wọkọ̀ lọ sí Ilé-Ogbó, ìlú Ọ̀gá Àjàní, níbi tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n fi eékún méjèèjì di ọsàn mú, wọ́n ń fi ọwọ́ òsì bó o. Mo sọ fún wọn.

“Báwo ló ṣe lọ?”

“Ó sùn ni, sà. Ogbó ni.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n bó ọsàn náà tán, wọ́n gbé e fún mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

“Erin kan wà ní ọgbà wa lọ́hùn-ún,” ni wọ́n wí. “Abo ni. N kò sọ tirẹ̀ fún yín rí. Àwọn ọmọdé ló máa ń gùn ún. A ti kọ́ ọ: bí ènìyàn bá ti ń bọ̀ lórí koríko, á kúnlẹ̀ kí wọ́n lè gun ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo fi ìkọ́ irin gún un létí níbi tó ti ní egbò. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi kí n má fọwọ́ kan ibẹ̀. Ó jù wá dànù, èmi àti ọkùnrin kan tó dúró tì mí. Egungun ìhà ọkùnrin náà ṣẹ́. Wọ́n ní kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ pé erin náà ti ya wèrè.”

Ọsàn wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sílẹ̀.

“Wọ́n gbà mí gbọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n mú un jáde láàárọ̀. Ó rí ọkùnrin mẹ́ta tó ń bọ̀ lórí koríko pẹ̀lú ìbọn. Ó rò pé wọ́n wá gùn ún ni.” Wọ́n nu ọ̀bẹ mọ́ ṣòkòtò wọn. “Ó kúnlẹ̀ fún wọn.”

Mo ní, “Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó mọ̀?”

“Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o ka tìẹ sókè,” ni wọ́n wí. “Tèmi, kò sẹ́ni tó ní kí n kà á.”